Orí Kẹrin: Irin Olóró, Láti Oko Dé Ẹnu

Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tẹ ìwádìí kan jáde lórí kòkó ilẹ̀ Nàìjíríà. Oko mẹ́fà ni wọ́n ti kó kòkó, wọ́n sì wọn òjé tó wà nínú hóró rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju ìdajì mílígíráàmù lọ nínú odidi tọ́ọ̀nù kan. Ó wà lára òjé tó kéré jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì rí nínú oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n wá wọn ìyẹ̀fun kòkó àti ṣokoléètì tí wọ́n ti ṣe tán fún títà, òjé inú àwọn kan nínú wọn ti ju ti hóró inú oko lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi kòkó kò fà á. Lẹ́yìn tí kòkó kúrò lórí igi ni òjé bá a.

Mo fi ìwádìí yìí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo ilé ní Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ọ̀tùn. Àgbẹ̀ ni wá. Bí a bá gbọ́ pé irin olóró ń bẹ nínú oúnjẹ, ilẹ̀ oko ni ọkàn wa kọ́kọ́ ń lọ, tàbí ajílẹ̀. Ó yẹ kí a ṣọ́ àwọn yẹn lóòótọ́, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa, ibi tí ó yẹ kí ojú wa wà jù lọ ni àárín oko àti ẹnu: ibi tí a ti ń sá oúnjẹ, ibi tí a ti ń lọ̀ ọ́, ìkòkò tí a fi ń sè é, iná tí a fi ń wì í. Tábà ló yàtọ̀ jù, nítorí pé inú ewé rẹ̀ gan-an ni irin olóró ti ń wá.

Ohun tí à ń wí

Irin olóró pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni ilé kan nílò láti mọ̀. Òjé ni àkọ́kọ́. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìtó ẹ̀jẹ̀ fún àgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ kedere pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Kádímíọ̀mù ni èkejì. Inú kíndìnrín ló ń fi ṣe ilé, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó sì wà lára ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Ásẹ́níìkì ni ẹ̀kẹta, omi àti ìrẹsì ló sábà máa ń bá wọlé. Mẹ́kúrì ni ẹ̀kẹrin, ẹja ńláńlá inú òkun àti ìpara ìbóra ni ọ̀nà tirẹ̀.

Wọn kò dà bí ìdọ̀tí tí iná ń pa. A kì í se omi títí kí òjé inú rẹ̀ kú. Omi ni yóò gbẹ díẹ̀, òjé ò lọ síbì kankan. Wọn kì í jẹrà, wọn kì í rùn, wọn kò sì ní àwọ̀ tí a fi lè dá wọn mọ̀ nínú ọbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń wọ ara. Ìdajì kádímíọ̀mù tó bá wọ kíndìnrín lónìí lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10 sí 30. Nítorí náà, ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́ ló yẹ kó ká wa lára ju ohun tí a jẹ lẹ́ẹ̀kan níbi ìnáwó.

Àwọn ará Japan ló kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ kádímíọ̀mù. Ní ẹkùn Toyama, omi odò Jinzu tó gba ibi ìwakùsà kọjá ni wọ́n fi ń bomi rin oko ìrẹsì. Àwọn tó ń jẹ ìrẹsì náà, pàápàá àwọn ìyá tó ti bímọ púpọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrora egungun tó burú débi pé egungun ń ṣẹ́ bí wọ́n bá kàn wúkọ́. Ní ọdún 1968 ni ìjọba wọn gbà pé kádímíọ̀mù ló fà á. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń jẹ.

Sìgá, aṣáà àti igbó

Ewé tábà ní ìwà kan. Bí kádímíọ̀mù bá wà nínú ilẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, gbòǹgbò rẹ̀ á fà á, á sì kó o jọ sínú ewé. Ìbáà jẹ́ tábà Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, ìwà náà ni. Bí a bá tanná sí i, irin náà di ooru, ó sì bá èéfín lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Sìgá ẹyọ kan sábà máa ń ní máíkírógíráàmù 1 sí 2 kádímíọ̀mù nínú. Mílíọ̀nù kan máíkírógíráàmù ló ń di gíráàmù kan, nítorí náà ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ara ṣe ń gbà á. Kádímíọ̀mù tó bá gba ẹnu wọlé pẹ̀lú oúnjẹ, bíi ìdá 5 nínú 100 péré ni ìfun ń gbà. Ìyókù ń bá ìgbẹ́ lọ. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀, ó lè gba tó ìdajì ohun tó bá balẹ̀ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń mu páálí sìgá kan lóòjọ́ fi ń kó kádímíọ̀mù sára láti inú sìgá tó èyí tí gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà fún un, tàbí kó jù ú lọ. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ti amúsìgá sábà máa ń ní kádímíọ̀mù ìlọ́po 4 sí 5 ti ẹni tí kì í mu. Òjé àti ásẹ́níìkì wà nínú èéfín yìí kan náà. Òwú tí wọ́n fi sí ìdí sìgá kò lè sẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé ìdá 10 nínú 100 ọkùnrin ló ń lo tábà, obìnrin kò sì ju ìdá kan àti díẹ̀ lọ. Ẹnìkan lè sọ pé nígbà náà, ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilé òun. Ó kàn án bí bàbá ọmọ bá ń mu sìgá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eérú àti eruku èéfín ń balẹ̀ sórí ẹní, sórí aṣọ, sórí àga. Ọmọ tó ń rá kòrò á fọwọ́ nù ún, á sì ti ọwọ́ bọ ẹnu.

Àwọn àgbà wa tí ń fi aṣáà sí ìsàlẹ̀ ètè tàbí tí ń fín in símú máa ń sọ pé àwọn kò mu sìgá. Ewé kan náà ni. Kò sí èéfín, nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró bọ́ nínú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òjé àti kádímíọ̀mù inú ewé ń bá itọ́ lọ sí ikùn, jẹjẹrẹ ẹnu sì ń bẹ níbẹ̀ fún ra rẹ̀. Igbó náà ò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń mu igbó nìkan ní òjé tó fi ìdá 27 nínú 100 ju ti àwọn tí kì í mu ohunkóhun lọ, kádímíọ̀mù inú rẹ̀ sì fi ìdá 22 jù. Ní ti sìgá oníbátìrì tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé kiri báyìí, wáyà kékeré tó ń gbóná nínú rẹ̀ ló ń tú irin sínú èéfín, òjé wà lára rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Ẹni tó bá ń mu ún kí ó jáwọ́, mo mọ̀ pé kò rọrùn. Kí ó mú ọjọ́ kan, kí ó sọ fún aya rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ kan tí kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó yẹra fún ìsọ̀ paraga fún ìgbà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti sábà ń padà. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Kádímíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Èyí tó ti wọ kíndìnrín kò ní tètè lọ, ìdí sì nìyẹn tí ó fi sàn kí ọmọ ogún ọdún jáwọ́ ju kí ó dúró di àádọ́ta. Ẹni tí kò bá tíì lè jáwọ́, kí ó jáde kúrò nínú ilé pátápátá kí ó tó tanná sí i, kí ó sì fọ ọwọ́ àti ẹnu kí ó tó gbé ọmọ.

Ẹ̀yin tó ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáràjì, ẹ gbọ́ èyí: òfin ìkápá tábà ti ọdún 2015 kò fàyè gba títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbà kí a tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹyọ kan lọ́wọ́ ọmọ iléèwé ni ọ̀pọ̀ àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ojú títì kì í ṣe àtẹ ìsákòkó

Ẹ gba ọ̀nà Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí láfún, kòkó àti àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà. Ọ̀dà ń gbóná, oúnjẹ ń tètè gbẹ, mo mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń po òjé mọ́ epo bẹntiróòlù. Ní ọdún 2001, ní Dákà, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pinnu láti yọ ọ́ kúrò, nígbà tí ọdún 2006 sì fi wọlé, ó ti kúrò nínú epo ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Òjé tó ti balẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ṣì wà nínú erùpẹ̀ etí títì, nítorí òjé kì í rà. Eruku bíréèkì àti táyà ń kún un lójoojúmọ́.

Láfún ló burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó tutù, ó rọ̀, ó sì ń fa eruku mọ́ra. A kì í sì í fọ̀ ọ́ mọ́ kí a tó lọ̀ ọ́. Tapólì tí a bá tẹ́ sórí ọ̀dà ń gbà wá lọ́wọ́ ọ̀dà, kò gbà wá lọ́wọ́ eruku ọkọ̀. Ẹ gbé e kúrò létí títì. Ẹ fi ọparun ṣe àtẹ tó ga dé ìbàdí ní ẹ̀yìnkùlé, kí atẹ́gùn lè máa gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbẹ dáadáa, adìyẹ kò sì ní yàgbẹ́ sí i. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó àtẹ kan tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lò kò tó ohun tí à ń pàdánù lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó, tó ń já iye lulẹ̀ nítorí ìdọ̀tí.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí a gbìn sí etí títì wà ní ipò kan náà. Fífọ̀ dáadáa ń mú eruku kúrò lára ewé, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò lè mú èyí tí gbòǹgbò ti fà kúrò.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ààtàn. Ẹ̀fọ́ máa ń ṣe dáadáa lórí ààtàn àtijọ́, ewé rẹ̀ máa ń fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dú. Nígbà tí eérú àti èèpo iṣu nìkan ló wà nínú ààtàn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ààtàn òde òní ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì, fóònù fífọ́, agolo ọ̀dà àti gílóòbù nínú. Ewé ń fa kádímíọ̀mù ju èso lọ, nítorí náà bí ẹ kò bá ní ibòmíràn, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàdo síbẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀fọ́ lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ẹ má sì ṣe gbin nǹkan jíjẹ sí ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn tó ń ṣájì bátìrì ọkọ̀. Ní Olódó, nítòsí Ìbàdàn, wọ́n da ìdàrọ́ láti ilé iṣẹ́ bátìrì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá òjé rẹpẹtẹ nínú ilẹ̀ náà.

Ẹ̀rọ ìlọta àti ìkòkò

Àwo irin méjì ló ń lọ ara wọn nínú ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n sì ń jẹ. Ohun tó ń jẹ kúrò lára wọn ń bọ́ sínú ata wa. Irin lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwo tí a kò mọ ohun tí wọ́n fi dà á lè ní òjé nínú. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àwo ló máa ń jábọ́ jù. Ẹ̀yin alọta, ẹ fi àgbàdo tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ lọ àwo tuntun, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó gba ata oníbàárà. Ẹ má fún un pọ̀ jù láti jẹ́ kí ata kúnná. Ẹ̀yin oníbàárà, bí ata bá ń dán yinrinyinrin tàbí tó dúdú, ẹ má jẹ ẹ́. Ata tí ọmọ kékeré yóò jẹ, ọlọ ilé ṣì ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ̀rọ tó bá ti lọ òkúta rí, kó má tún lọ oúnjẹ mọ́ láéláé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010 nìyẹn: àwọn tó ń wá góòlù fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà lọ òkúta tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀, nínú agboolé, níbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú. Mo dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ará wa nítorí pé Ìjerò tí wọ́n ti ń wa kùsà kò jìnnà sí Ìdó, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń lọ ṣiṣẹ́ góòlù níhà Iléṣà. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta, kí ó wẹ̀, kí ó tó wọlé.

Ìkòkò ni èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ìkòkò alumíníọ̀mù tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń dà láti inú irin kòǹdẹ́ẹ̀mù wà ní gbogbo ọjà wa: ó wúwo, owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kì í tètè jó, òun ni a fi ń se ìrẹsì ìnáwó. Ohun tí wọ́n yọ́ láti fi ṣe é ni kò dá wa lójú. Rédíétọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, agolo, gbogbo rẹ̀ ń wọ inú iná kan náà. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì rí i pé òjé ń jáde lára rẹ̀ sínú oúnjẹ kíkan nígbà tí a bá ń sè é. Wọ́n tún yẹ ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wò lẹ́yìn náà, ohun kan náà ni wọ́n bá nínú púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ohun kíkan ni kí ẹ mú. Kíkan oúnjẹ ló ń yọ irin kúrò lára ìkòkò. Iṣu fún iyán àti omi ìwẹ̀ kò léwu tó ọbẹ̀ tòmátì, ògì, tàbí àgbo tí a fi omidùn ṣe. Àgbo tí a sè lówùúrọ̀ Ajé tí a sì ń gbé kaná nínú ìkòkò kan náà títí di ọjọ́ Ẹtì, tí a ń bù fún aboyún mu, ó ń dẹ́rù bà mí ju ọbẹ̀ lọ. Ẹ se nǹkan kíkan nínú ìkòkò amọ̀ tàbí èyí tí kì í dípẹtà. Ìsàn kò jìnnà sí wa, àwọn ìyá amọ̀kòkò wa sì ń mọ ìkòkò tí kò ní ohun dídán kankan tí wọ́n fi kùn ún. Bí ìkòkò alumíníọ̀mù nìkan ló wà nílé, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ sùn sínú rẹ̀. Bí iná bá ti kú, ẹ yí i sínú abọ́ mìíràn. Ẹ má fi yanrìn gbo inú rẹ̀ títí tí á fi dán.

Àwo tánganran àtijọ́ tí a kùn ní pupa tàbí ìyeyè, kádímíọ̀mù wà lára ohun tí wọ́n sábà fi ń ṣe irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ti sán, ẹ má tilẹ̀ fi bu omi fún ewúrẹ́, ẹ kàn pa á tì.

Ẹran, pọ̀nmọ́ àti ẹja

Àwọn ọdẹ Ìpàò, Ìrèlè àti Ìtàpájì ló ń bọ́ wa ní ọ̀yà àti ẹtu, kí Ògún má jẹ́ kí wọ́n rí ibi. Òjé ni ọta ìbọn wọn. Bí ọta bá wọ ẹran, kì í dúró sójú kan; ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ojú kò sì lè rí wẹ́wẹ́ náà. Ẹ gé ẹran ojú ọgbẹ́ kúrò ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan yíká, ẹ má fún ajá jẹ, ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹran tí pańpẹ́ mú ni kí ẹ wá fún aboyún àti ọmọdé. Ọdẹ tó bá ń yọ́ òjé fún ra rẹ̀ láti fi ṣe ọta, kí ó má ṣe é lórí ààrò tí ìyàwó fi ń dáná. Èéfín rẹ̀ nìkan tó láti ba ọmọ jẹ́.

Táyà ni wọ́n fi ń wi awọ pọ̀nmọ́ níbòmíràn nítorí pé igi wọ́n. Èéfín táyà ń fi òjé àti kádímíọ̀mù sílẹ̀ lára awọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alápatà. Pọ̀nmọ́ funfun tí wọ́n fi omi gbígbóná fá irun rẹ̀ sàn ju dúdú tí a kò mọ iná tó wì í.

Ẹja tí à ń jẹ jù, pánlá, ṣàwá, títọ́ọ̀sì, kì í ṣe ẹja ńlá tí mẹ́kúrì ń kó jọ sínú rẹ̀. Ẹ máa jẹ wọ́n lọ, pàápàá èyí tí a lè jẹ teegunteegun. Ti ìrẹsì náà kò le: àṣà wa láti bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí a sì sẹ́ omi náà dànù, ń yọ púpọ̀ nínú ásẹ́níìkì rẹ̀ kúrò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwà ọ̀lẹ ni.

Ẹfun àti tìróò

Aboyún ń jẹ ẹfun nítorí ìrìndọ̀, mo sì mọ̀ pé ìyá wọn ló kọ́ wọn. Amọ̀ ni ẹfun, òjé sì sábà máa ń wà nínú amọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn aboyún nípa rẹ̀ ní ọdún 2002, ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní 2009, nítorí pé àwọn ènìyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ń rà á. Òjé ń gba inú ibi ọmọ kọjá sínú ọmọ. Ẹni tí ìrìndọ̀ bá ń dà láàmú, kí ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì. Wíwù tí erùpẹ̀ ń wu ni í jẹ fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò tó.

Tìróò kì í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ ń gbé e dé ẹnu. Ní ọdún 2011, ní Boston, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ àwọn ará Nàìjíríà, wọ́n sì bá òjé níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kò sí òjé nínú ilé wọn. Tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà ni wọ́n ti fi ń lé ojú rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí ojú rẹ̀ lè mọ́ kí ó sì lẹ́wà. Nígbà tí wọ́n gbé tìróò náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Ìfẹ́ ni àwọn òbí yẹn fi ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí ojú ìkókó, kódà bí ìyá ọkọ bá ń fẹ́ ẹ; ẹ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ ka ìtàn yìí fún un.

Oúnjẹ tó ń dí ọ̀nà

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, èyí ni owó rẹ̀ kéré jù. Ara tí ebi èròjà ń pa ló ń gba irin olóró. Bí èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré, ìfun á ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láti wá a, kádímíọ̀mù àti òjé á bá ọ̀nà yẹn wọlé. Bí kálísíọ̀mù bá kéré, òjé á gba ipò rẹ̀ nínú egungun, yóò sì tún jáde sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà oyún. Ọmọdé lè gba tó ìdajì òjé tó bá gbé mì, níbi tí àgbà kì í ti í gbà ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ikùn òfìfo sì ń gbà ju ikùn tó ní oúnjẹ lọ.

Nítorí náà, kí ọmọ má lọ sí iléèwé láìjẹun. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú egungun rẹ̀, wàrà bí ó bá wà. Ọsàn kan lẹ́yìn ẹ̀fọ́ ń jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú rẹ̀ dáadáa. Aboyún kí ó má pa oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un ní ilé ìlera tì sínú àpótí. Ọwọ́ fífọ̀ kí a tó jẹun ń mú eruku òjé kúrò bó ṣe ń mú kòkòrò kúrò.

Bí ẹ bá ń fura

Ọmọ tó ń ní inú rírun tí kò lóògùn, tó rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbé lókè, tó ti ń sọ̀rọ̀ rí tó wá ń fà sẹ́yìn, ó yẹ kí a ronú òjé mọ́ ibà. Bí gìrì bá gbé e, ẹ má dúró ṣe ohunkóhun nílé, ẹ gbé e lọ lọ́gán. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà ń ṣe kì í wo òjé, nítorí náà ẹnu yín ni kí ẹ fi béèrè rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíràn bó bá gba bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń fa òjé jáde lára wà. Dókítà ló ń fún ni, òun ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ Zamfara. Ti kádímíọ̀mù kò ní oògùn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ irin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ sọ iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá ń ṣe fún dókítà: bátìrì, kíkun ọ̀dà, yíyọ́ irin, ọdẹ, ìwakùsà. Ẹ sọ ẹni tó ń mu sìgá nínú ilé. Ohun tí ẹ bá fura sí, tìróò ni o, ẹfun ni o, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ so ó pa, kí ẹ mú un dání lọ.